Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí Ni Ó Ń Kọ́ Oníṣòwò Ní Ọ̀rọ̀ Sísọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Lẹ́mọ́mù ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òwò sílẹ̀)

 



Àwọn tí wọ́n pè mí wá sí àárín yín ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò. Mo sì mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ òwò, owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkàn yín máa ń lọ bá. Ọ̀rọ̀ owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ohun kan tí kì í ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì ní. Ohun náà ni kí ènìyàn lè dúró níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ó kí i, kí ó bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà tí yóò fi yé e, kí ó sì tẹ́tí sí èsì tí onítọ̀hún bá fọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, aránṣọ ni. Ó lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Bí ẹ bá rí agbádá tí ó rán, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá a. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí i. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, ó tọ̀ mí wá pé kí n bá òun ṣe àdúà, pé àwọn ọ̀tá ti di òwò òun. Mo ṣe àdúà fún un, nítorí àdúà kì í pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ẹ̀yìn ìrun Àílà títí di Alàásárì.

Obìnrin kan wọlé, ó gbé aṣọ yáàdì mẹ́fà dání. Ó kí ọ̀dọ́kùnrin yìí. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Obìnrin náà ní ṣé yóò lè bá òun rán an kí ó tó di Sátidé. Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀." Kò béèrè ẹni tí yóò wọ aṣọ náà. Kò béèrè ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kò na ọwọ́ sí ọ̀kankan nínú iṣẹ́ dáradára tí ó gbé kọ́ sára ògiri. Obìnrin náà wò yíká, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù kẹrin sí ibẹ̀, lọ́dọ̀ aránṣọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá a tó ti ọmọ wa. Onítọ̀hún ń wọn ejìká rẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ó bá a ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń béèrè ìyàwó, ó ń béèrè ọkọ, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ní gbogbo wákàtí tí mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ wa, n kò rí ọ̀tá kankan kí ó wọlé.

Ẹ má ṣe rò pé aláìmọ̀wàáhù ni ọ̀dọ́kùnrin yìí. Bí ó bá wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ìtìjú ni ó ń bá a jà. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ìtìjú náà ti wá. Fún ọdún mẹ́rin tí ó fi kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni ó ń dá iye, ọ̀gá ni ó ń bẹ ẹni tí inú bá bí, ọ̀gá ni ó ń wí fún oníyàwó pé irú ọrùn báyìí ni yóò yẹ ẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dorí kodò sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́, wọn kò kọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn, bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ káfíńtà àti onídìrí. Àwa tí a lọ ilé-kéú ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa pé kí á dákẹ́ níwájú àlùfáà, kí á má gbé ojú sókè. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò kábàámọ̀ rẹ̀, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ níwájú olùkọ́ kò yẹ oníṣòwò níwájú oníbàárà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Lẹ́mọ́mù, èmi yóò máa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí mi." Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́ yóò bá ọ parí ọ̀rọ̀ tí o kò parí. Bí o bá wí ohun tí kò yé e, yóò fojú fò ó. Bí o bá ń ta ọṣẹ, àbúrò ìyá rẹ yóò rà á kí inú rẹ má baà bàjẹ́, kò sì ní sọ fún ọ pé ọṣẹ náà ń yún òun lára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan. Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá yé e, yóò kọjá lọ. Bí iye tí o pè bá pọ̀ jù, yóò sọ ọ́ sí ojú rẹ. Ìkọjálọ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń wí pé àjèjì ni olùkọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí kò bá sì ti jókòó lọ́dọ̀ olùkọ́ náà, ọjọ́ tí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, owó òwò rẹ̀ ni yóò sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Nínú Muwatta ti Imam Malik, ẹni tí àwa ará ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, ìtàn kan wà nípa Abdullah ọmọ Umar. Tufayl ọmọ Ubayy a máa lọ bá a ní òwúrọ̀, àwọn méjèèjì a sì jọ lọ sí ọjà. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀hún, Abdullah kì í kọjá lára ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ń ta ọjà yẹpẹrẹ, ìbáà ṣe tálákà, kí ó má kí i. Ní ọjọ́ kan Tufayl bi í pé kí ni ó ń wá lọ sí ọjà, nígbà tí kì í rà, kì í béèrè iye, kì í ná ọjà, kì í sì jókòó sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣeré. Kí ni ó dé tí wọn kò kúkú jókòó sílé kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wérọ̀? Èsì tí Abdullah fún un ni pé nítorí sálámọ̀ ni àwọn ṣe ń lọ, kí àwọn lè kí ẹni tí àwọn bá pàdé.

Ẹ rò ó wò. Sàhábé ńlá, ọmọ Khalifah, ni ó ń dìde nílé láti lọ kí àwọn ènìyàn nínú ọjà! Nítorí ẹ̀san lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni ó ṣe ń ṣe é, kì í ṣe nítorí òwò, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìyẹn rú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé ẹ̀rù àjèjì tún lè wà lára rẹ̀? Ó wà nínú ẹ̀kọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé kíkí ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a kò mọ̀ jẹ́ ara ohun tí ó dára jù nínú Ìsìláàmù. Àwa ti fi ìdajì sílẹ̀, ẹni tí a mọ̀ nìkan ni à ń kí. Òmíràn nínú yín tilẹ̀ wà tí yóò kọ́kọ́ wo irùngbọ̀n ènìyàn kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun ṣí ẹnu.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Abdurrahman ọmọ Awf. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣí kúrò ní Mọ́kà lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, Ànábì fi í ṣe ọmọ ìyá pẹ̀lú Sa'd ọmọ Rabi', olówó kan ní Mọ̀dínà. Sa'd fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún un. Abdurrahman ṣe àdúà fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó júwe ọ̀nà ọjà fún òun. Wọ́n júwe ọjà Banu Qaynuqa fún un. Ìlú àjèjì ni, ọjà àjèjì ni, àwọn Júù ni wọ́n sì ni ọjà náà. Ọjọ́ náà gan-an ni ó mú wàrà gbígbẹ àti òróró wàrà bọ̀ wálé gẹ́gẹ́ bí èrè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó gbé ìyàwó, tí ó sì fi wúrà san sọ̀daàkí. Ìtàn kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni yá a lówó. Ẹnu rẹ̀, òye rẹ̀ àti òtítọ́ rẹ̀ ni ó gbé lọ.

Àwọn baba tiwa náà mọ ọ̀nà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ láti abúlé dé abúlé ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn a máa tà á ní àwìn. Òṣómàáló ni a ń pè wọ́n, nítorí bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a ní orí òṣó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gbowó àwọn. Ìlóṣòó yẹn nìkan ni àwọn ènìyàn ń rántí, tí wọ́n sì fi ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ ni èmi ń rò. Kí ènìyàn tó lè gbé aṣọ fún àgbẹ̀ tí kò rí rí, ní abúlé tí kò ti ní ìbátan, láìgba owó, ó ní láti jẹ́ ẹni tí ó lè bá àjèjì jókòó, kí ó fi ọgbọ́n béèrè oko rẹ̀ àti ìgbà tí yóò kórè kòkó, kí ó sì ti ara ìdáhùn mọ ẹni tí yóò san án. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ kò lè ṣe òṣómàáló fún oṣù mẹ́ta, aṣọ rẹ̀ yóò tán sí ọ̀nà oko.

Ní ilẹ̀ Ghana ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé J. S. Eades kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1993 nípa àwọn Yorùbá tí wọ́n ṣòwò ní àríwá ilẹ̀ náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí wà lára wọn, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n dé Tamale àti àwọn ìlú mìíràn láìgbọ́ èdè ibẹ̀, wọ́n ń kiri pẹ̀lú ẹrù lórí, títí wọ́n fi di ẹni tí ó ní ìsọ̀ nínú ọjà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn baba wa fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó tún bẹ̀rẹ̀ òwò láti ìsàlẹ̀. Ìjọba lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ́ nínú ọjà gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1973, Mark Granovetter kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ti ipasẹ̀ ènìyàn rí iṣẹ́. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rí ẹni tí ó ta wọ́n lólobó sí. Àwọn tí ó sọ pé àwọn máa ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́ kò tó ẹni kan nínú márùn-ún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó jìnnà sí ọ ni ó ń mú ìròyìn tuntun bọ̀. Ní ọdún 2014, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ní kí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Chicago bá àjèjì tí ó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bi irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, èrò wọn ni pé ìrìn àjò yóò dùn jù bí àwọn bá dákẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ rí: ìrìn àjò tiwọn ni ó dùn jù. Ọkọ̀ ojú irin ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó láti ọdún 2021. Bí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́, olúkúlùkù ti fi okùn dí etí. Nǹkan bí wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni ìrìn náà, láàárín oníṣòwò, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti alágbàṣe.

Ó tó gẹ́ẹ́. Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa.

Ẹ lọ sí ọjà tí wọn kò ti mọ̀ yín. Ẹni tí ó ń gbé ní Ọjẹ́ kí ó lọ sí Bódìjà, ará Bódìjà kí ó lọ sí Gbági. Ẹ má lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà gbà pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dúró nídìí ọjà àwọn láìrà ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Àwa kò gba irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí á lọ bí ènìyàn nínú nítorí rẹ̀. Ẹ má sì lọ nígbà tí èrò yí i ká. Ọwọ́ ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú tí èrò sì fọ́n, ni ẹnu ọlọ́jà máa ń dùn.

Ìkíni ni kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́hun fi ohun kan jíǹkí Yorùbá tí ẹ̀yin ń fi ṣòfò: kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìkíni tirẹ̀. "Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn." Bí o bá kí aláró ní "Àrẹ̀dú o", tí o kí onídìrí ní "Ojú gbooro o", tí o kí àgbẹ̀ ní "Àrokobọ́dúndé o", o ti sọ fún un pé o mọ iṣẹ́ rẹ̀, o sì bọ̀wọ̀ fún un, kí o tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ara rẹ. Èmi ti rí àgbàlagbà aláró tí ó gbé ìjókòó fún ọmọ ilé-ìwé gíga nítorí "Àrẹ̀dú" kan péré. Ẹ̀yin ẹ̀ ń sọ "Háù fáà" fún ìyá arúgbó.

Lẹ́yìn ìkíni, sọ irú ẹni tí o jẹ́ àti ohun tí o wá ṣe. Má jẹ́ kí ó máa rò ó. Ní ìlú wa yìí, ẹni tí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ nídìí ọjà láìsọ ti ara rẹ̀, agbowó-orí ni wọn yóò rò pé ó jẹ́, bí kò bá jẹ́ gbájúẹ̀. Bí o kò bá ní rà, sọ ọ́. Má ṣe ná ọjà tí o kò ní rà, kí o baà lè rí ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà; ìyẹn ti di ẹ̀tàn. Wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, aránṣọ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. N kò wá rajà lónìí. Mo fẹ́ kọ́ ohun kan lọ́dọ̀ yín, kò ní gbà wá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ." Ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni inú wọn yóò dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀dọ́ kan ti wí fún wọn pé òun fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn.

Béèrè ìbéèrè tí yóò la ẹnu. Bí o bá bi í pé, "Ṣé ọjà ń tà?" yóò ní "A dúpẹ́", ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé, "Irú aṣọ wo ni àwọn tí ń ṣe ìgbéyàwó ń béèrè jù lásìkò yìí, kí ni ẹ sì rò pé ó fà á?" jókòó jẹ́ẹ́, kí o gbọ́ ohun tí ilé-ìwé kankan kò lè kọ́ ọ. Jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti sọ ti ìwọ. Ẹni tí ó ń dúró de ìgbà tí òun náà yóò sọ̀rọ̀ kò tíì gbọ́ ohun kan.

Bí ó bá wá bi ọ́ ní iṣẹ́ tìrẹ, kí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe kókó. Mo ti gbọ́ ọ̀dọ́ kan tí wọ́n bi ní iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ní, "Oríṣiríṣi nǹkan ni mo ń ṣe." Ta ni yóò gbé oríṣiríṣi nǹkan fún un ṣe? Èkejì ní, "Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni mo ń rán. Mo máa ń fi àlékún pa mọ́ sí etí rẹ̀, kí ìyá ọmọ lè tú u bí ọmọ bá ga." Gbólóhùn mélòó nìyẹn? Gbogbo abiyamọ tí ó bá gbọ́ ọ ni yóò rántí rẹ̀ títí di ìgbà tí ilé-ìwé yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ kejì yìí kò fi ọjọ́ kan rí gbólóhùn náà. Lẹ́nu àwọn ìyá tí kò mọ̀ rí ni ó ti gbọ́ pé aṣọ kì í pé ọdún lára ọmọ.

Àwọn kan yóò wí fún yín pé "Rárá", àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní dá yín lóhùn. Ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá. Bí ojú rẹ̀ bá rọ̀, o lè bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú ohun tí o gbé wá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì, ìyọlẹ́nu ni. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá lé ọ, àyà rẹ yóò já. Ẹni kẹwàá, oúnjẹ ọ̀sán rẹ ni ìwọ yóò máa rò.

Ìwé kan wà tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, láti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Wọ́n ní kí ènìyàn tẹjú mọ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, kí ó máa pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Ó lè dára níbẹ̀. Bí o bá tẹjú mọ́ ẹni tí ó tó bí ọ nínú ọjà Gbági, tí o sì ń pe orúkọ rẹ̀, òwò rẹ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ tàbí kí o tẹríba, pè wọ́n ní ìyá tàbí bàbá, kí o wo ojú wọn níwọ̀n. Ọ̀rọ̀ dídi ọwọ́ mú láàárín ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe ẹbí ara wọn, ẹ mọ ìdájọ́ rẹ̀. Fi ọwọ́ lé àyà, rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sí ẹni tí yóò bínú.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin arábìnrin wa. Àwọn kan ti sọ fún yín pé obìnrin tí ó bo ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àjèjì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òwò. Níbo ni wọ́n ti rí i? Khadijah, ìyá àwọn onígbàgbọ́, oníṣòwò pàtàkì ni. Òun ni ó fi ọjà rẹ̀ rán Ànábì Muhammad lọ sí ilẹ̀ Shám kí ó tó di Òjíṣẹ́, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ìròyìn òtítọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni ìdákọ́ńkọ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin nínú yàrá kan, àti kí obìnrin máa fi ohùn ẹ̀tàn fa ọkàn ọkùnrin. Bá wọn sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe tààrà, kí ó ní ọ̀wọ̀. Arábìnrin tí ó ń ta ọjà tí kò lè wí iye rẹ̀ sókè, ọkùnrin mìíràn ni yóò máa bá a wí i, onítọ̀hún ni yóò sì máa jẹ èrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ nínú yín, inú àsàlátù yìí nìkan ni ẹ ti ń ṣòwò. Arákùnrin ń ta lọ́fínńdà fún arákùnrin, arábìnrin ń ta híjáàbù fún arábìnrin, wọ́n sì ń gbà á ní àwìn, nítorí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, ẹni tí ó jẹ gbèsè yóò yí ẹsẹ̀ ìrun padà sí ẹ̀yìn, kí ojú òun àti olówó má baà pàdé. Ṣé òwò nìyẹn? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò há ara rẹ̀ mọ́ báyẹn. Ẹni tí ó ṣamọ̀nà òun àti Abu Bakr láti Mọ́kà dé Mọ̀dínà, Abdullah ọmọ Urayqit, kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà. Wọ́n háyà rẹ̀ nítorí pé ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fi ọkàn tán. Nígbà tí Ànábì fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin rẹ̀ ṣì wà ní ìdógò lọ́dọ̀ Júù kan tí ó ra ọkà báálì lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Suratul Hujuraat, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé nítorí kí á lè mọ ara wa ni Òun ṣe dá wa ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Báwo ni ẹni tí kì í jáde láàárín ara rẹ̀ yóò ṣe mọ ẹnikẹ́ni?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níhìn-ín pẹ̀lú èrò pé ẹnu dídùn ni mo ń kọ́ yín. Ẹnu dídùn pọ̀ nígboro. Ànábì kọjá nídìí ọlọ́kà kan, ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà náà, ó bá a pé ó tutù nísàlẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà ní ohun tí ó fà á, onítọ̀hún ní òjò ni ó pa á. Ó bá a wí pé kí ni kò jẹ́ kí ó fi ibi tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn rí i. Nítorí náà, bí bàtà tí o ń tà kò bá lè gba òjò, sọ ọ́ kí ó tó sanwó. Àjèjì tí o sọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn fún yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn wá.

Ètò tí èmi àti àwọn aláṣẹ yín ti fi ẹnu kò sí nìyí. Ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ óò pàdé níbí ní agogo mẹ́wàá. Àwọn arábìnrin yóò máa lọ ní méjì-méjì, àwọn arákùnrin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ẹ bá jẹ́ méjì, ara yín ni ẹ óò máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ kò ní lọ. Kí olúkúlùkù bá ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn máà jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ má ṣe kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ìbéèrè tí ẹ bi wọ́n, àti ohun kan tí wọ́n sọ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ kọ. Fóònù yóò wà nínú àpò títí ẹ óò fi kírun Àílà ní mọ́ṣáláṣí tí ó bá súnmọ́ yín. Akápò yóò fún àwọn tí kò ní owó ọkọ̀ ní owó ọkọ̀. A óò ka ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, èmi fúnra mi yóò sì ka tèmi, nítorí Gbági ni èmi náà ń lọ.